Ìgbálẹ̀ Lábẹ́ Igi Bàbá Káfíńtà

Bàbá wa, ọdún mẹ́rin pé lónìí tí ẹ gbé òòlù lé orí tábìlì iṣẹ́, tí ẹ ní ẹ fẹ́ sinmi díẹ̀, tí ẹ kò sì dìde mọ́. Ọdún mẹ́rin! Àga tí ẹ ń kàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ti parí. Àbíkẹ́yìn yín ló kàn án parí, Màmá kò sì jẹ́ kí a tà á. Àbíkẹ́yìn náà ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Àwọn oníbàárà tó máa ń bi í pé, "Ọ̀gá dà?" ti wá ń pe òun gan-an ní ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayùn yín ṣì gùn ju apá rẹ̀ lọ.

Màmá wà. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìròyìn rere tí mo ní nìyẹn. Inú bíbí ni mo fi ń kọ èyí tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe tọ́. Ẹ máa ń sọ fún wa pé igbó orí òkè àti igbó etí odò jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nígbà èwe yín. Oko gba àárín wọn, àwọn ọ̀bọ orí òkè kò sì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí wọn létí odò mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọjọ́ ayé yín la pákó ni ẹ kó àwọn ará àdúgbò jọ, pé kí a gbin igi tí yóò so igbó méjèèjì pọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ẹ fi tọ́ irúgbìn nínú ọ̀rá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ẹ máa fi lọ, ẹ̀ka igi ti ń nawọ́ síra wọn, ìtàkùn tí ọ̀bọ yóò fi ṣe okùn sì ti ń gùn wọ́n. Ó ku díẹ̀. Ó ku díẹ̀ gan-an!

Nígbà tí ikú yín pé ọdún kan, a kò mọ ohun tí a ó fi yẹ́ yín sí. Èmi olùkọ́, èmi tí mo kàwé, ni mo kọ ìwé ìpè: kí olúkúlùkù mú àdá àti ìgbálẹ̀ wá, kí a tún abẹ́ igi Bàbá Káfíńtà ṣe. Ogójì ènìyàn ló jáde. Wọ́n ṣán abẹ́ igi. Wọ́n gé ìtàkùn. Wọ́n hú àwọn igi kéékèèké tó hù fúnra wọn, wọ́n kun ìdí igi ńlá ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì gbé bẹ́ǹṣì sí àárín. Mo dúró níbẹ̀, mo ń sunkún ayọ̀. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn! Láti ọdún kejì, gbígbá náà di ti oṣooṣù.

Lọ́dún kẹta, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo ọ̀bọ. Ọ̀kan yọ létí igbó òkè. Ó wo igi tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, ó wo ilẹ̀ tó ń dán, ó wo ajá tó sùn sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó yí padà. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, Màmá ní bóyá ibi tí yóò bọ́ bàtà sí ló ń wá. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí ẹ máa ń sọ nígbàkigbà tí a bá fẹ́ fa koríko níbẹ̀: ilé ni à ń gbá, a kì í gbá igbó.

Gbogbo wa la mọ̀ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ohun tí a kò fẹ́ gbọ́ ni pé ọgọ́rùn-ún igi pàápàá kò lè dá a ṣe, bí a bá ń gbá abẹ́ wọn. Ohun tí à ń pè ní ìdọ̀tí ni oúnjẹ, òun ni ibùsùn, òun ni àtẹ̀gùn. Mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ nípàdé àdúgbò. Alága fèsì pé, "Tíṣà, ṣé ejò lẹ fẹ́ kó máa ṣọ́ ìrántí bàbá yín ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ní ìfẹ́ yín ti tán lọ́kàn mi.

Bàbá, kí wọ́n pè mí ní òpè, mo lè fara dà á. Èyí wọ̀ mí dé egungun. Ìkà ènìyàn rọrùn láti bá jà. Ẹni tó ń fi ìfẹ́ ba iṣẹ́ ẹni jẹ́, kí ni a ó wí fún un? Èmi ni mo sì kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ lé wọn lọ́wọ́!

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí àwọn ará àdúgbò tó kó ìgbálẹ̀ dé, Màmá ti ṣáájú wọn. Màmá gbé àga yín tó gbẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà abẹ́ igi náà, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n dí i. Wọ́n ní, "Ẹni tí ọwọ́ bá ń yún láti gbálẹ̀, ilé mi ṣì dọ̀tí." Alága bẹ̀bẹ̀, ó fajú ro, ó tún bẹ̀bẹ̀. Ìdajì péré la rí gbà: láti bẹ́ǹṣì dé òkè, wọn kò ní fọwọ́ kàn án fún ọdún kan, láti bẹ́ǹṣì dé odò, wọn yóò máa gbá a lọ. Ta ló ń gba ìdajì afárá kọjá odò? Ọ̀bọ tí mo kà lórí òkè kò ju mẹ́sàn-án lọ, wọn kò sì lè máa dúró de ìpàdé wa.

Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ọ̀bọ kankan kò tíì kọjá. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lápá òkè, koríko ti kan orúnkún mi, ìtàkùn kan sì ti gun ọ̀dà funfun dé ìdajì.

Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí yóò rò pé Bàbá Káfíńtà kò bímọ sáyé. Ẹ jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. Àárò yín ń sọ wá lójoojúmọ́, Bàbá wa, ìfẹ́ yín kò sì dín lọ́kàn wa. Ìdí rèé tí a kò fi gbálẹ̀ fún yín lọ́dún yìí.