Ojú Pupa Tí Wọ́n Kùn fún Màmá Àgbà

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ilésanmí,
Alápẹ̀rẹ̀, Kétu, Èkó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2006.

Olúwadàmọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti ilé, mo sì tún kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé oòrùn Kẹ́bí kò tíì yan ọ́ gbẹ bí ẹja? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó sì bá ọ lẹ́yìn tí o ti jẹun, nítorí mo mọ bí o ṣe máa ń rí tí ebi bá ń pa ọ́. Àwa níbí wà dáadáa. Daddy rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Màmá Àgbà ní kí o má máa rìn nínú oòrùn láìbo orí. Dárasími àbúrò rẹ náà wà digbí, aṣọ ìdárayá tí mo rán fún un ló fẹ́ máa wọ̀ sùn.

Mo rí tẹ́ẹ̀sì tí o fi ránṣẹ́. O ní, "Mummy, kí lẹ fi Màmá Àgbà ṣe? Ọ̀rẹ́ mi rí àwòrán wọn lára ògiri ní Kétu, ojú wọn pupa bíi ti àjẹ́. Mi ò wálé fún Kérésì mọ́." Ọmọ yìí, o lè bínú! O jogún ìbínú Daddy rẹ, o tún gba ẹnu mi kún un, kí Ọlọ́run ran ẹni tó máa fẹ́ ọ lọ́wọ́. Ǹ bá pè ọ́, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tí wọ́n gbé ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ sí kò dára, káàdì mi á sì ti tán kí n tó dé àárín ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù, tí mo jókòó ti tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, kí n lè rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá kà á tán tí inú ṣì ń bí ọ, kọ̀wé padà kí a jọ jà á.

Fàsásì, dírẹ́tọ̀ fíìmù tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe eré ní Ìkòsì, ló wá rán aṣọ lọ́dọ̀ mi. Dárà wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ó bèèrè orúkọ rẹ̀, Dárà kò wo ojú rẹ̀. Ó wá rọra bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo ní ọ́tísìmù ni dókítà ń pè é, pé bí wọ́n ṣe dá ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, ariwo máa ń ni ín lára, ó sì fẹ́ kí nǹkan òní rí bíi ti àná. Ọkùnrin náà jókòó tì mí títí mo fi parí iṣẹ́, ìbéèrè ló ń bèèrè. Nígbà tó padà wá, ó ní òun fẹ́ ṣe fíìmù nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀, fíìmù tí tọmọdé tàgbà lè jọ jókòó wò, àti pé ilé wa lòun fẹ́ lò. Daddy rẹ gbà, èmi náà gbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá a dá: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọ mi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fẹ́ dán mi wò. Ọmọdébìnrin tó máa ṣe ọmọ náà, Loveth, la ẹnu sílẹ̀, ó ń da itọ́, ó yí ojú, ó wọ́ ọrùn. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé áyọ́ọ̀nù ọwọ́ mi kalẹ̀, mo ní kí wọ́n pa kámẹ́rà. Mo ní, "Ta lẹ rí tó ń da itọ́ nínú ilé yìí?" Fàsásì ní, "Aunty Keziah, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nínú fíìmù nìyẹn." Mo ní a jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é kò tíì dé ilé ẹnikẹ́ni rí. Màmá Àgbà kò bá wa pariwo ní tiwọn. Wọ́n fa Loveth lọ́wọ́, wọ́n mú un lọ jókòó ti Dárà lórí ẹní ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kó kàn máa wò.

Dárà kò dá a lóhùn rárá. Nígbà tó yá, ó sún díẹ̀ kí Loveth lè ráyè lórí ẹní. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ náà ń kọ́ ọ. Ó rí i pé tí òùngbẹ bá ń gbẹ Dárà, kì í sọ pé kí ẹ fún òun lómi, ohun tí àwa máa ń bi í ló máa sọ: "Dárà, ṣé wàá mu omi?" Ó rí i pé kò dìídì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti rí ẹnikẹ́ni fín, pé etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ. Ó rí i bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tí òjò bá ń kọ lu páànù. Nígbà tí Loveth padà dé iwájú kámẹ́rà, kò da itọ́, kò wọ́ ọrùn. Èmi tí mo bí Dárà wò ó, mo sunkún, mi ò sì tijú.

Ohun tí n kò mọ̀ ni ibi tí ìtàn náà ń lọ. Àwọn wọ̀nyí kì í kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Dírẹ́tọ̀ máa kó wọn jọ ni, á sọ kókó ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, kálukú á wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ parí ni mo tó gbọ́ pé ìyá bàbá ọmọ náà máa kúnlẹ̀, á jẹ́wọ́ pé òun lòun di ahọ́n ọmọ láti inú oyún, pásítọ̀ á gbàdúrà, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Orí mi gbóná. Fàsásì kò lè wo ojú mi. Ó ní Ọ̀gá Akínbíyì, màkẹ́tà tó ń náwó sí fíìmù náà tí yóò sì tà á, ló ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Akínbíyì fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga wa ní fàráńdà, ó ń mu mínírà. Ó ní, "Madam, àwọn tó ń ra fíìmù máa bèèrè pé ta ló ṣe é. Tí a ò bá sọ ẹni tó ṣe é, wọ́n á ní a jẹ owó àwọn." Mo ní kò sẹ́ni tó ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ní Nàìjíríà yìí? Madam, person must dey wey do am!"

Dàmọ́lá, rò ó wò. Ilé wa ni, fàráńdà wa ni, ọmọ inú fíìmù ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ wa ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ìyá àgbà inú rẹ̀ bá jẹ́wọ́ àjẹ́, ta ni gbogbo Alápẹ̀rẹ̀ máa sọ pé ó jẹ́wọ́? Ìyá ọkọ mi ni. Èmi àti wọn ti jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, a ti jà lórí bí mo ṣe ń wé gèlè, àmọ́ n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní àjẹ́ nítorí ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀yìn wọn pọ̀n dàgbà. Mo ti fẹ́ lé gbogbo wọn jáde nígbà tí fóònù Fàsásì dún. Òṣèré tó máa ṣe ìyá àgbà ló pè, ó ti gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tiwọn, ó wà ní Abẹ́òkúta, kò lè wá mọ́. Mo ní Ọlọ́run, o ṣeun. Ibi tí Fàsásì ti gbá orí mú ni Màmá Àgbà ti jáde láti kíṣìnnì, wọ́n ń fi ìró nu ọwọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ìyá àgbà kọ́ lèmi náà ni? Màá ṣe é."

Mo sáré tẹ̀ lé wọn wọ yàrá. Mo ní, "Mà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ sọ?" Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Keziah, wá bá mi wé gèlè mi."

Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Ẹni tó ń ṣe pásítọ̀ jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́wọ́. Màmá Àgbà gbé orí sókè, wọ́n ní, "Ẹ ní kí n jẹ́wọ́? Màá jẹ́wọ́. Èmi ni mo pọn ọmọ yìí nígbà tí ẹ ń fa ọmọ tiyín sẹ́yìn. Èmi ni mo mọ̀ pé tó bá di etí, kò gbọ́ ohùn àǹjọ̀nnú kankan, ariwo yín ló pọ̀. Èmi ni mo dúró títí ó fi pè mí ní Màmá, ọdún keje rẹ̀ ló pè mí, mo sì jó. N kò di ahọ́n ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó ṣe Dárasími ní nǹkan kan. Bí Ọlọ́run ṣe fún wa nìyí, mo sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Tí ìyẹn bá jẹ́ àjẹ́, ẹ wá mú mi." Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìró wọn, wọ́n lọ jókòó. Loveth tọ̀ wọ́n lọ, ó gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbùkún ni orúkọ ọmọ náà nínú fíìmù o, Màmá Àgbà ti gbàgbé ìyẹn pátápátá. Kí àwọn tó ń wò ó gbà pé orúkọ méjì ló ní.

Akínbíyì ta kìjí. Ó ní àwọn máa wá òṣèré mìíràn, àwọn á tún un yà. Fàsásì tí mo ti ń pè ní ojo nínú ara mi ló wá sọ fún un pé bó bá yọ ọ̀rọ̀ màmá yẹn, kó yọ orúkọ òun pẹ̀lú. Akínbíyì gbé téèpù lọ sílé kí ìyàwó rẹ̀ wò ó, torí ìyàwó yẹn ló máa ń sọ fún un ohun tí àwọn obìnrin máa rà. Nígbà tó padà wá, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Obìnrin náà ti ní tó bá yọ ìyá yẹn, kó wá ẹni tí á máa se oúnjẹ fún un.

Mo rò pé ó ti parí, àṣé mi ò tíì mọ Akínbíyì tó. Ó gbà fún wa nínú fíìmù, ó gbẹ̀san lára pósítà. Kí fíìmù tó jáde, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti Kétu dé Mile 12: ojú Màmá Àgbà gbàgẹ̀rẹ̀, ó kun ẹyinjú wọn pupa, ó fi eyín ṣóńṣó sí wọn lẹ́nu. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ rí nìyẹn. Èmi àti Daddy rẹ ya gbogbo èyí tó wà ní òpópónà wa, àmọ́ ojú ayé ti rí i.

O mọ̀ pé Màmá Àgbà ló ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo òpópónà yìí. Wọ́n ti ń wẹ Màríyámọ̀, ọmọ tí Suwebat, ìyá Gafar tó wà ní iwájú ilé wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí pósítà jáde, wọ́n dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń retí kí ìyá ọmọ pè wọ́n. Suwebat ránṣẹ́ pé òtútù ń mú ọmọ. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òtútù náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn la rí obìnrin kan láti Agboyi tó gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn wọlé wọn. Màmá Àgbà padà wọlé, wọ́n jókòó, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Dàmọ́lá, ó dùn mí wọ egungun.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo lọ gba sídì fíìmù náà lọ́wọ́ Fàsásì, Daddy rẹ gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì mi nínú ọgbà, èmi sì lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mo ní, "Ẹ wá wo àjẹ́ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ya wá, o mọ bí a ṣe fẹ́ràn ọ̀fẹ́ tó. Màmá Àgbà kọ̀ láti jáde, ojú fèrèsé ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tó kan ibi ìjẹ́wọ́, àwọn kan ti ń pòṣé, wọ́n ti ń ṣẹ́ ìka lórí. Ohùn Màmá Àgbà wá jáde. Ọwọ́ tó ń ṣẹ́ ìka sọ̀ kalẹ̀. Mo ń wo Suwebat. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn dáadáa, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ láìwo ẹnikẹ́ni. Mo ní nínú ara mi pé ó ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mò ń gbálẹ̀ nígbà tí ẹnìkan kan géètì. Suwebat ni, òun nìkan. Kò sọ̀rọ̀ pósítà, kò sọ̀rọ̀ fíìmù. Ó kọjá lára mi, ó lọ kúnlẹ̀ lójú fèrèsé Màmá Àgbà, ó ní, "Màmá, omi ọmọ ti gbóná o."

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ fún wa, kó jẹ́ kí o parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ rẹ yìí sí rere, kó mú ọ jáde kó mú ọ bọ̀ ní ayọ̀. Wàá ṣe oríire, ojú rẹ kò ní rí ibi. Wá sílé fún Kérésì, mi ò bẹ̀ ọ́, àṣẹ ni.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì gbà kí o bínú,
Keziah Adékọ̀yà.

Mo tún rántí: o máa bèèrè bóyá Dárà wo fíìmù náà. Kò wò ó. Ariwo èrò ti pọ̀ jù fún un, ó wọlé lọ jókòó ti Màmá Àgbà, ó sì sùn lọ. Akínbíyì ti ṣèlérí pósítà mìíràn, n kò sì ní jẹ́ kó sinmi títí a ó fi rí i. Tí o bá ń bọ̀, ra àlùbọ́sà wá, ti Mile 12 ti wọ́n.