Ọmọ Àǹtóníò Mímọ́ Tó Bá Wa Lọ sí Lísíbọ́nì

Sátidé, 7 Oṣù Kẹfà

A ti dé. Ìyàwó ni mí, mo wà ní Lísíbọ́nì, ọkọ mi ń bọ́ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè dá mi lójú.

Láti Vinhais, ìlú wa lórí òkè, dé ibí, inú bọ́ọ̀sì la ti jẹun àárọ̀, ibẹ̀ náà la ti jẹ tọ̀sán. Búrẹ́dì, wàràkàṣì, sọ́sèèjì tí ìyá mi yan lórí èéfín. Gbogbo bọ́ọ̀sì ń gbóòórùn wa. Ọkùnrin kan yíjú padà, ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ má pa wá." Belmiro gé sọ́sèèjì tó tóbi fún un. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ilé Àǹtí Deolinda, ẹ̀gbọ́n bàbá Belmiro, la dé sí ní àdúgbò Alfama. Ọ̀fẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí a fi lè wá rárá. Òkè pátápátá ló ń gbé, àtẹ̀gùn rẹ̀ kò lópin. Mo ti sọ ọ́ ní Màmá Alátẹ̀gùn, inú ìwé yìí nìkan. Yàrá ọmọ rẹ̀, Graciete, ló fún wa. Graciete ti kó lọ sí òdìkejì odò, ó ń wa bọ́ọ̀sì, kò tíì lọ́kọ. Ìyá rẹ̀ ti sọ ìyẹn kí a tó gbé ẹrù sílẹ̀.

Sọ́ńdè, 8 Oṣù Kẹfà

A rìn títí ẹsẹ̀ wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n ń gba owó kí èèyàn tó wọ ààfin àwọn ọba àtijọ́ tó wà lórí òkè, la bá jókòó sẹ́yìn odi rẹ̀, a jẹ búrẹ́dì wa. Belmiro ní ibi tó dára jù nínú ààfin ni ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹni tó wà nínú kò lè rí i. Omi ẹ̀rọ la mu. Odò ń dán nísàlẹ̀ bí àwo tuntun. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń rùn sọ́sèèjì di ọwọ́ mi mú. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Belmiro kò mọ̀. Òun fẹ́ kí a lọ sí etí òkun ní gúúsù, èmi ni mo ta kú pé Lísíbọ́nì ni. Ìdí rẹ̀ wà nínú áńkáṣíìfù, nínú bàtà mi tó wà fún ṣọ́ọ̀ṣì: ère Jésù Kékeré. Ọdún kejì rèé tí mo ti yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ ère Àǹtóníò Mímọ́ ti ìyá mi, bí ọmọbìnrin tí wíwá ọkọ bá ti sú lọ́dọ̀ wa ṣe máa ń ṣe. Mo sọ fún ẹni mímọ́ náà pé kò ní gbé ọmọ yìí mọ́ àfi tí mo bá rí ọkọ. Mo ní lọ́jọ́ tí mo bá rí i, màá kọ́kọ́ gbé ọmọ náà wá sí ilé rẹ̀ gan-an, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Lísíbọ́nì, lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, kí n tó dá a padà. Ìyá mi mọ̀. Ó ń dúró de ọmọ rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Belmiro bẹ̀rẹ̀ sí í ra búrẹ́dì níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ojoojúmọ́. Ajá wọn ló ń jẹ ẹ́, ó sanra dé ibi pé kò lè gbó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ó ń fọ́nnu kiri: "Èmi ni mo wá a. Ẹnikẹ́ni ò bá mi wá a." Ó sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, ó sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Báwo ni n ó ṣe sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé mo ti lọ jí ọmọ ẹni mímọ́ gbé kí òun tó yọjú?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ ọdún rẹ̀, n ó yọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó parí.

Mọ́ńdè, 9 Oṣù Kẹfà

Òjò. A ò jáde. Inú mi dùn.

Túsìdeè, 10 Oṣù Kẹfà

Áńkáṣíìfù ṣófo.

Mo gbọn bàtà, mo gbọn ìbora, mo tú gbogbo ẹrù. Belmiro bi mí kí ni mò ń wá. Mo ní yẹtí. Ó kúnlẹ̀ bá mi wá a, ó wá gbójú sókè wo etí mi. Méjèèjì wà níbẹ̀. Ó ní, "Èwo ló wá sọnù?" Mo ní èyí tí n kò tíì wọ̀. Ó ń bá mi wá a lọ. Ọkọ mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ti dé tán. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 11 Oṣù Kẹfà

Mo ti rí i. Ì bá sàn kí n má rí i.

A fẹsẹ̀ rìn lọ, a fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti àdúgbò Belém, a jọ pín àkàrà òyìnbó ẹlẹ́yin kan ṣoṣo, Belmiro lá ìwé tí wọ́n fi dì í. Bí a ṣe dé, Màmá Alátẹ̀gùn ti tẹ́ ìtẹ́ ọdún sí ẹnu ọ̀nà nísàlẹ̀: àpótí lórí àpótí, aṣọ funfun, òdòdó oníbébà, Àǹtóníò Mímọ́ tirẹ̀ lórí pátápátá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọwọ́ ère yẹn ṣófo láti ìgbà tí Graciete ti yọ ọmọ rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, tí kò sì rọ́kọ, tí kò sì dá a padà. Lónìí, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ń gbálẹ̀ yàrá ni," ó ń sọ fún àwọn aládùúgbò, "òun rèé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni Graciete tọ́jú ẹ̀ sí láti ọjọ́ yìí."

Ìyá Hermínia tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ní, "Ẹni mímọ́ ti gbà nìyẹn. Ọkọ Graciete ti wà lọ́nà."

"Tí bọ́ọ̀sì ẹ̀ ò bá ti bàjẹ́ lọ́nà," ẹlòmíràn dáhùn.

Tèmi ni, ó ti bọ́ nínú bàtà mi. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, bùrọ̀dá mi ló kùn ún láró nígbà tí a wà ní kékeré. Gúlúù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà ni Màmá Alátẹ̀gùn fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́ ère. Ó ń nu omijé ayọ̀. Ó dì mọ́ mi: "Ìyàwó wa, ẹsẹ̀ ire lẹ gbé wọlé."

Belmiro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní ó rẹwà.

Tọ́sìdeè, 12 Oṣù Kẹfà

Gbogbo Alfama ń rú èéfín ẹja torí ọdún ọ̀la. Graciete dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ awakọ̀ lọ́rùn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ń bi í léèrè ìgbà tí wọn yóò jẹ kéèkì ìgbéyàwó. Ó wo ère náà títí. Ó wo yàrá wa lókè. Ó wò mí.

Ó bá mi ní kíṣíìnì, níbi tí mo ti ń fọ ẹ̀fọ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ọmọ kan yọ, ó ti dúdú, ó sì tóbi ju tèmi lọ.

"Tèmi rèé," ó ní. "Ìyàwó, ta ló ni ti ìsàlẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di abọ́ ìfọwọ́ mú. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ò wá ọkọ mọ́. "Mo nílé tèmi, mo ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn, mò ń sùn bó ṣe wù mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá dá ọmọ yìí padà láìmú ọkọ dání, màmá á mọ̀ pé mo ti jáwọ́. Ojú wọn ni n kò lè wò."

Belmiro ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó mú àwo dání, búrẹ́dì ló wá mú. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ṣé Àǹtóníò ló ń ra búrẹ́dì yẹn, àbí èmi?"

Ó gbé àwo sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń jó ní àdúgbò. Èmi ò jó.

Jímọ̀, 13 Oṣù Kẹfà. Ọjọ́ ọdún rẹ̀

Nígbà tí mo jí, Belmiro kò sí níbẹ̀.

Màmá Alátẹ̀gùn gbé ère rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ní àwọn àlùfáà gbọ́dọ̀ wọ́n omi mímọ́ sí i. Graciete àti èmi tẹ̀ lé e. Báyìí ni ọmọ mi ṣe dé ilé ẹni mímọ́ lọ́jọ́ tí mo dá, àmọ́ lọ́wọ́ ère ẹlòmíràn, èmi sì tẹ̀ lé e bí àlejò. Inú ogunlọ́gọ̀ ni mo ti rí Belmiro, ó ń jẹ búrẹ́dì kékeré tí wọ́n ń pín, ìkòkò efinrin, tí ọkùnrin máa ń fún olólùfẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún yìí, wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Mo ti bi í," ó ní.

"Ta ni?"

"Àǹtóníò. Mo tò títí ó fi kàn mí. Ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Ó ní ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wá."

Mo ní òótọ́ ló sọ. Ọkọ ni mo béèrè, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó rò ó wò.

"A jẹ́ pé wọ́n fún ẹ kọjá ohun tó o béèrè," ó ní. Ó ti padà sí ara rẹ̀. Ó na efinrin sí mi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, mo gbóòórùn ọwọ́ mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí. Ayọ̀ fẹ́ mú mi pariwo níbẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ni Graciete ti dá ìyá rẹ̀ dúró. "Màmá, ti ìyàwó lẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Tèmi rèé."

Màmá wo èyí, ó wo tọ̀hún. "Kí ló dé tó o fi mú un wá lónìí?"

"Kò sí ọkọ tó ń bọ̀, Màmá. N kò retí ẹ̀ mọ́. Ara mi sì dá, inú mi sì dùn."

Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn láàárín èrò. Ó gbìyànjú láti yọ ọmọ mi lọ́wọ́ ère, gúlúù náà kò gbà. Ó tún gbìyànjú. Ó wá na ọmọ Graciete sí mi.

"Gba èyí fún ìyá ẹ. Tìrẹ ti mọ́lé síbí." Ó yíjú sí Graciete. "Ta lò ń sè fún lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

"Ara mi, Màmá."

"Oúnjẹ bọ́ọ̀sì. Máa wá jẹun nílé."

Graciete ló gbé ère náà délé.

Sátidé, 14 Oṣù Kẹfà

Nínú bọ́ọ̀sì. Belmiro kò jẹ́ kí n gbé Jésù Kékeré ti Graciete. Ó wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè. Ìyá mi pè wá lórí fóònù. Kò béèrè odò, kò béèrè ààfin. Ó ní ṣé ọmọ òun ń bọ̀. Mo wo Belmiro. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ó ń bọ̀, Màmá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó ti sanra. Oúnjẹ Lísíbọ́nì ni."