Jiji Onítẹlifíṣọ̀n ti Semraha àti Gbólóhùn Kan Tí Wọ́n Kọ

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa jókòó láti ọjọ́ mẹ́tàlá wá, ẹ ṣeun. A bẹ̀ yín kí ẹ ka ìwé yìí dé òpin kí ẹ tó kúrò nídìí oúnjẹ. Màmá ní nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ kí ìlú gbọ́, àwa ọmọ wọn sì ti bá ara wa jà lórí rẹ̀ kí a tó gbà láti tẹ̀ ẹ́ jáde.

A bí olóògbé, Màmá Kusumlata Khare, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1948, ní Semraha létí odò Betwa. Bàbá wọn ni Munshi Devkinandan Shrivastava, akọ̀wé ilé ẹjọ́. Ìyá wọn ni Ramkunwar. Ìran akọ̀wé ni ìran wọn látilẹ̀wá. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ọdún ìmọ́lẹ̀, wọn a gbé kálàmù àti tàdáwà síwájú òòṣà nílé wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí nínú ilé ọ̀hún, Màmá sì ni àbíkẹ́yìn, àwọn nìkan ni obìnrin.

Ní ọdún 1965, Màmá yege ìdánwò kíláàsì kẹwàá, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin tó dé ibẹ̀ ní gbogbo Semraha kò ju mẹ́rin lọ. Nírọ̀lẹ́, àwọn ni wọ́n máa ń ka ìwé ìròyìn sókè fún àwọn àgbà òpópó. Bí ìròyìn bá kúrú, Màmá a fi tiwọn kún un. Bàbá wọn a ní, "Kusum, èwo ló wà nínú ìwé níbẹ̀, èwo ló ti ẹnu ẹ jáde?" Gbogbo èèyàn a bú sẹ́rìn-ín, Màmá náà a sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1967, wọ́n fẹ́ Brajkishore Khare, bàbá wa, tó máa ń tún rédíò ṣe ní òpópó àwọn amọ̀kòkò. Ọdún 1984 ni Bàbá gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé, àkọ́kọ́ rèé ní òpópó náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọgọ́ta èèyàn a há ara wọn mọ́ yàrá kan. Wọn a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé òòṣà. Ìyá Bàbá kì í wo ìròyìn láìfi aṣọ bo ojú. Wọ́n ní, "Ọkùnrin àjèjì yẹn ń wò mí tààràtà, ẹ sì fẹ́ kí n ṣíjú sílẹ̀ fún un? Ẹ̀yin ọmọ yìí ò nítìjú."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í na wáyà láti òrùlé dé òrùlé ní ọdún 1993, kí àwòrán tí àwo ńlá orí òrùlé wa ń gbà láti ojú sánmà lè dé ilé kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1998 ni Bàbá papò dà. Àbúrò Bàbá ní kí Màmá ta gbogbo rẹ̀. "Opó ń gun òrùlé kiri! Kí ni ayé ó wí?" Màmá ti wà lórí àkàsọ̀ nígbà náà. Wọ́n ní, "Ayé ó wí pé àwòrán òun ti mọ́ kedere. Bá mi di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ yìí mú." Láti ìgbà yẹn ni gbogbo ìlú ti ń pè wọ́n ní Jiji, ẹ̀gbọ́n obìnrin.

Ní ọdún 2001, Jiji dá ìkànnì tiwọn sílẹ̀ nínú yàrá òkè ilé wa. Eré ni wọ́n ń fi hàn níbẹ̀, àti ìgbéyàwó ọmọ aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ kan a sì máa sáré lọ nísàlẹ̀ àwòrán: ewúrẹ́ tó sọnù, ọjọ́ tí omi kò ní yọ, ọmọ tó yege. Àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn tẹ ọ̀rọ̀ náà, wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá ti di òtítọ́ ní Semraha nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n yí ìlú padà níṣojú wa. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dáná kí agogo méje tó lù nítorí eré àtìgbàdégbà. Àwọn ìyàwó tuntun ń rán irú aṣọ tí wọ́n rí nínú rẹ̀, àwọn àgbàlagbà ọkùnrin sì ń bá ara wọn jà nítorí òṣèlú ìlú tí ẹsẹ̀ wọn kò lè tẹ̀ láéláé. Inú Jiji dùn sí gbogbo rẹ̀, a kò ní purọ́.

Ó wá di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2009. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, àwọn ìkànnì ńláńlá ti ń pariwo pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń dọ́gbọ́n wọ ìlú bí oníṣòwò kiri. Àwòrán kan náà ni wọ́n ń fi hàn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, pẹ̀lú ọfà pupa lórí ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ kò hàn. Kò sí ìyá tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dé òpópó mọ́. Ọkàn Jiji náà kò balẹ̀, nítorí àwọn náà ń wò ó.

Lágogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Harcharan, aládùúgbò wa, sáré gun àkàsọ̀ wa wọ yàrá òkè. "Jiji, ẹ gbà mí! A ò rí Guddan láti ọ̀sán." Guddan ni ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Ta ló kọjá ní ọ̀nà yín lónìí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Agbọ̀nwú tó ń tún kúbùsù ṣe nìkan ni, ó kọjá lọ́sàn-án."

Jiji jókòó, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́: "Guddan, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti sọnù ní òpópó àwọn amọ̀kòkò. A fura sí agbọ̀nwú àjèjì kan. Ẹ ṣọ́ ọmọ yín." Harcharan kò ní òun fura sí ẹnikẹ́ni. Kò sì pe ẹnikẹ́ni ní àjèjì.

Agbọ̀nwú ọ̀hún ni Ishaq Mansuri. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń wá sí Semraha nígbà òtútù, pẹ̀lú ọrun gígùn rẹ̀ léjìká, láti fi gbọn òwú inú kúbùsù tó ti lẹ̀. Òun ló gbọn òwú kúbùsù tí Jiji fi ń bora. Ó ti ń lọ sí ibùdókọ̀ nígbà tí àwọn ọkùnrin méjìlá mú un. Kí wọ́n tó wọ́ ọ dé ìsọ̀ oníhóró, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkà lábẹ́ ilé wa gan-an, wọ́n ti tó ọgọ́rùn-ún.

"Ibo lo gbé ọmọ náà sí?"

"Ọmọ wo? Ẹ̀yin ará, èmi ni, Ishaq ni!"

"Tú àpò ẹ̀! Inú àpò ló wà!"

Wọ́n fi ọ̀bẹ la àpò náà. Òwú fọ́n ká gbogbo ìsọ̀. Ishaq ń pariwo pé, "Òwú ni! Ẹ wò ó, òwú lásán ni!" Ẹnì kan fi ọrun Ishaq fúnra rẹ̀ nà án lápá òsì, a sì gbọ́ bí egungun ṣe dá láti òrùlé níbi tí a dúró sí.

Jiji ti pe àwọn ọlọ́pàá. Létí odò, níbi ọjà ọdún, ni wọ́n wà, ó kéré tán yóò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú ogójì. Ọkùnrin tó wà nílẹ̀ yẹn kò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nílesh, àkọ́bí wọn, di ilẹ̀kùn mú. "Màmá, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò ní gbọ́ ohùn yín."

"Mi ò lọ síbì kankan. Gbé kámẹ́rà ìgbéyàwó wá. Gbé iná ẹ̀ náà."

Kí Nílesh tó dé, Jiji ti pa gbólóhùn náà rẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé eré agogo méje láàárín. Láti ojú fèrèsé ni a ti gbọ́ àwọn obìnrin: "Jiji! Ta ló gé eré wa? Ẹ̀ẹ̀!" Nílesh ti kọjú kámẹ́rà sí ìsàlẹ̀. Ìsọ̀ oníhóró ni wọ́n ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n, àti ojú àwọn ọmọ wọn.

Jiji gbé ẹ̀rọ ohùn sẹ́nu. Kò sí òrùlé tí wọn kò gùn rí, kò sì sí ẹni tí wọn kò mọ̀.

"Phoolwati, fi ìyẹ̀fun rótì tí o ń pò sílẹ̀ kí o wo tẹlifíṣọ̀n ẹ dáadáa. Ìwọ lo hun súwẹ́tà pupa yẹn fún Kallu ọmọ ẹ. Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀? Bíríkì ni. Ó fẹ́ fi pààyàn lójú ẹ. Rambai, ọkọ ẹ rèé. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tí ò lè pọnmi, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló wà lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ yẹn. Ẹ jáde wá kó wọn o! Gbogbo ìlú ló ń wò wọ́n!"

Òkúta kan kọjá létí Nílesh. Ẹnì kan kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Jiji, ẹ pa kámẹ́rà yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó dáná sunlé yìí!"

"Gbójú sókè kí o tún un sọ. Jẹ́ kí ìyá ẹ gbọ́."

Kò gbójú sókè. Ṣe ni àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ bojú, àwọn tó wà lẹ́yìn ń yọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó yí Ishaq ká kò kúrò, Kallu sì ti gbé bíríkì sókè. Phoolwati ló kọ́kọ́ dé, láìwọ bàtà, pẹ̀lú ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gbá ọmọ rẹ̀ létí, bíríkì bọ́. Àwọn obìnrin mìíràn ń rọ́ wọ ìsọ̀ náà, oníkálukú ń pe orúkọ ẹni tirẹ̀. Phoolwati jókòó sílẹ̀ nínú òwú yẹn, ó gbé orí Ishaq lé itan, kò sì dìde títí ọlọ́pàá fi dé.

Wọ́n rí Guddan lẹ́yìn ìyẹn. Ilé kejì sí tiwọn ló wà láti ọ̀sán. Ó bá àwọn ọmọ ibẹ̀ wo eré tẹlifíṣọ̀n, ó sì sùn lọ sábẹ́ kúbùsù wọn.

Ìlú fi aṣọ iyì àti àgbọn dá Jiji lọ́lá. Wọ́n gbà á, wọ́n ká a sínú àpótí, wọn kò sì fi kan ara títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè nípa gbólóhùn yẹn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kankan kò jáde ní ìkànnì wa tí wọn kò ní kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wọn rìn dé ilé tó kàn. Nígbà tí fóònù wá gba ayé lọ́wọ́ wáyà wa, tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn bá ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síra wọn, ìbéèrè kan ni Jiji máa ń bi wọ́n: "Ta nínú yín ló lọ sílé wọn?"

Ní oṣù kejìlá ọdún tó kọjá, nígbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀, wọ́n ní kí a bá wọn wá Ishaq. Ó wá láti abúlé rẹ̀. Apá òsì rẹ̀ kò nà mọ́. Jiji sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo mọ̀, Jiji. Ta ni ì bá tún kọ ọ́? Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti ń retí pé ẹ ó sọ ọ́."

"Dárí jì mí."

"Èmi nìkan lẹ sọ fún. Ìlú ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n gbà mí là, kò sẹ́ni tó ní mi ò jíni lọ́mọ. Mo kọjá nísàlẹ̀ níbí lónìí yìí, ìyá kan sì fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra."

Jiji kò ní ohùn tí wọn yóò fi bá ìlú sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé òkú àwọn. Nílesh kọ̀, ó ní, "Màmá tó gba ẹ̀mí là, àwa la ó wá ba orúkọ wọn jẹ́?" Sulekha, àbúrò rẹ̀, ló ní, "Orúkọ ta ló bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá?" Ọ̀rọ̀ sì parí.

Jiji dákẹ́ ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní ọdún 2024, ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé, Nílesh, Sulekha àti Pankaj, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje àti àtọmọdọ́mọ kan. Ọ̀rọ̀ wọn ìkẹyìn sí ìlú Semraha nìyí, bí wọ́n ṣe pè é fún wa láti kọ:

"Guddan kò sọnù. Èmi Kusumlata ni mo kọ 'àjèjì', èmi ni mo kọ 'a fura'. N kò lọ sílé wọn kí n tó kọ ọ́. Ishaq Mansuri kò jí ọmọ ẹnikẹ́ni rí."

Màmá, a ti kọ ọ́, ìlú sì ti kà á. Ẹ sinmi.