Ìlà Tó Gé Wẹ́wẹ́ Létí Òrùlé

Ọjọ́bọ̀, Òkìtìpupa

Èmi Ẹnjiníà Àgbà, ọ̀gá gbogbo ayàwòrán ilé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ni mo jókòó kọ èyí. Èmi kì í ṣàṣìṣe.

Àwòrán ilé Igbódìgò tó wà nínú kọ̀ǹpútà wúwo jù, dísìkì kò gbà á. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi yọ àwọn irú ìlà tí a kò lò dànù. Kọ̀ǹpútà kò jẹ́ kó yọ èyí tó gé wẹ́wẹ́, torí ó ṣì wà lára àwòrán náà. Ọmọ burúkú yìí bá sọ gbogbo ìlà di gbọọrọ tí kò gé, ó yọ ìyókù, ó sì sín ohùn mi jẹ láti yin ara rẹ̀. Sisí Fúnkẹ́ tó ń bá wa yàwòrán rò pé mo ti dé, ó dáhùn láti yàrá kejì pé, "Ẹ káàbọ̀, sà!"

Ìgbà tí Sisí wọlé ló wo àwòrán náà. "Ṣàkírù, o pa wá! Etí òrùlé ni ìlà wẹ́wẹ́ yẹn. Bó ṣe di gbọọrọ yìí, bíríkìlà á rò pé ògiri ni!"

Bíríkìlà sì ti gbé bébà tí a tẹ àwòrán náà sí lọ. Àárọ̀ ọ̀la ló máa gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ọ̀gá ṣì wà ní Àkúrẹ́. Ohùn rẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo lè lọ fi pàṣẹ fún bíríkìlà pé kó dúró... Rárá. Bíríkìlà mọ ojú rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, màá gun kẹ̀kẹ́ lọ dúró síbi tí ṣọ́bìrì máa kọ́kọ́ bà. Ẹnjiníà kọ́ ló kọ èyí. Ṣàkírù tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ni.