Èmi àti Alátùpà Lọ sí Etí Òkun

Jímọ̀, 24 oṣù kìíní, 2025
Ìwó. Bàbá ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn ìrun. Alhaji Mùrí ni mo ń wí, bàbá ọkọ mi àtijọ́. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti kó jáde nílé ọmọ wọn. Shamsudeen lorúkọ ọmọ náà. Ẹni-yẹn ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, n ò sì ní yí i padà.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dé Accra, kí n fi mọ́tò mi gbé àwọn lọ. Wọ́n fẹ́ rí ilé àtùpà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹsẹ̀ tó kọ̀ jálẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn náà ládùúgbò. Kí Ghana tó lé àwọn èèyàn wa wálé lọ́dún 1969, Bàbá ló ń tan àtùpà orí ilé gogoro etí òkun níbẹ̀, èyí tí ọkọ̀ ojú omi fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ọdún mẹ́fà gbáko. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Bàbá ní Alhaji Alátùpà.

Mo bèèrè ìdí tí àwọn ọmọ ò fi lè gbé wọn lọ. Mẹ́rin ni wọ́n, gbogbo wọn ló ní mọ́tò. Bàbá wò mí títí. "Nínú gbogbo yín, ìwọ nìkan ni kì í ṣe ọmọ mi mọ́."

N ò lóye rẹ̀. Mo ní màá rò ó.

Àìkú, 26
Mo ti gbà. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá wà lọ́wọ́ mi nílé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Zakiyyah, ọmọ mi, ní kí ni mo tún ń wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí mo ti kúrò nílé wọn. Mo ní bàbá bàbá rẹ̀ ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe torí ìyẹn ni mo fi ń lọ. Ó ń wù mí kí n fi ilé sílẹ̀ ni.

Ajé, 27
A kúrò lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ìbàdàn. Èkó. Badagry, a sùn síbẹ̀. Bàbá kò sọ̀rọ̀ tó gbólóhùn mẹ́wàá.

Ìṣẹ́gun, 28
Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n dá wa dúró ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Lẹ́yìn Kútọnu, òkun ń bá wa lọ lápá òsì – igi àgbọn, iyanrìn, àwọ̀n tí wọ́n sá. Bàbá ní kí n páàkì, kí a kírun alásárì. Wọ́n kírun lórí iyanrìn. Èmi náà kí tèmi lẹ́yìn wọn.

Bí mo ṣe rí ẹ̀yìn wọn níbi tí wọ́n ti forí kanlẹ̀, mo rántí ọjọ́ tí wọ́n wá sílé ìyá mi. Mo ti gbọ́ nígbà náà pé Ẹni-yẹn ní ìyàwó sí Ìbàdàn, pé ó ti tó ọdún méje, pé wọ́n ti bímọ méjì. Bàbá kó àgbààgbà mẹ́ta lẹ́yìn wá bẹ̀ mí. Bàbá ní àwọn èèyàn ló parọ́ mọ́ ọmọ àwọn. Wọ́n ní, "Nusirat, irọ́ kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa." N ò padà.

Inú ò bí mi lónìí. Mo kàn rántí ni.

Ọjọ́rú, 29
Accra. Ẹsẹ̀ Bàbá wú. Mo fi ìrọ̀rí gbé e sókè.

Ọjọ́bọ̀, 30
A débẹ̀. Ilé gogoro, ọ̀dà pupa, ọ̀dà funfun, pupa, funfun. Èéfín ẹja gba gbogbo àdúgbò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jonathan ló ń mú àlejò gòkè. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé Bàbá ṣiṣẹ́ níbí kí wọ́n tó bí i. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ó bèèrè ta ni ọ̀gá wọn nígbà yẹn. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ń wolẹ̀. Ó bèèrè pé èèyàn mélòó ni wọ́n jọ ń ṣe é. Bàbá ní ó ti pẹ́.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Bàbá fara mọ́ ògiri. Nígbà tí a dé àtẹ̀gùn kẹfà tàbí ìkeje, wọ́n jókòó. Òógùn ń ṣàn. Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú – iṣan ń lù kíkankíkan. Mo rò pé ọkàn ni. Wọ́n mi orí. "Kì í ṣe àìsàn. Bó ṣe ṣe mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà nìyẹn."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́, lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ ogún ọdún ni wọ́n. Wọ́n ti kọ̀wé sílé ṣáájú pé àwọn ti ríṣẹ́ nílé àtùpà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ gòkè. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, wọ́n wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀. Wọ́n tọ̀ sára. Ọ̀gá lé wọn kí oòrùn tó wọ̀. Ọdún mẹ́fà tó kù, búrẹ́dì ni wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, nísàlẹ̀ ilé náà. Nígbà tí wọ́n délé, gbogbo èèyàn ń bèèrè àtùpà. Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó tàn án. Kò ṣeé kó padà mọ́. Ìyàwó wọn gbà á gbọ́ títí tó fi kú.

"Nígbà tí mo wá bẹ̀ ọ́ nílé ìyá rẹ, mo mọ̀ pé Shamsudeen parọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ. Dárí jì mí."

Mo ní kò burú, Bàbá. Mo gbé omi fún wọn.

Mo wá gun tèmi dé òkè. Òkun, páànù ilé, ọkọ̀ apẹja. Mo rí fìlà funfun wọn nísàlẹ̀, wọ́n ti jáde síta. Wọn ò wòkè. N ò ro nǹkan kan. Orúnkún ń dùn mí.

Jímọ̀, 31
Lomé. Bàbá ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ti búrẹ́dì. Àwọn tó ń rà á ní gbígbóná, obìnrin kan tó ń fi imú yàn án kó tó gbà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ó lé tí mo ti mọ̀ wọ́n, n ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn rí.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kejì
A délé láyọ̀. Bàbá ní àwọn fúnra àwọn máa sọ òótọ́ fáwọn ọmọ. Kí n fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo gbà.

Jímọ̀, 7
Ẹni-yẹn pè. Ó dúpẹ́. Ó ní ṣé Bàbá sunkún nígbà tí wọ́n rí ibi iṣẹ́ wọn. Mo ní kó bi wọ́n.

Wọn ò tíì sọ.

Àìkú, 16
Mo ra ọsàn, mo lọ kí Bàbá. Mo bá àlejò – Tiwaladé, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, tó ń gba ìtàn àwọn àgbà tó ti Ghana dé sílẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà lórí àga, ó ń gba ohùn. Ẹni-yẹn jókòó. Ìyàwó Ìbàdàn jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo kí Bàbá, mo wá ibì kan jókòó sí.

Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìjì kan. Ọkọ̀ kan tí ì bá forí sọ àpáta. Ìtàn náà ti dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀dà pupa ti wọ̀ ọ́. Èéfín ẹja ti wọ̀ ọ́. Gbogbo ohun tí a jọ rí.

Wọ́n nawọ́ sí mi. "Nusirat nìyí. Ó bá mi débẹ̀. Ẹ bi í."

Tiwaladé gbé fóònù sún mọ́ mi. Ó ní ṣé ẹ débẹ̀ lóòótọ́, mà. Gbogbo wọn ń wò mí, Ẹni-yẹn náà. Bàbá nìkan ni kò wò mí.

Mo ní, "A débẹ̀. Ọkùnrin tó ń mú àlejò gòkè gbé ìwé àtijọ́ kan jáde. Orúkọ Bàbá wà nínú rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó bi mí nípa ìwé. Èmi ni mo fi kún un. Ohùn mi ò gbọ̀n.

Mo padà sílé, mo se ìrẹsì, èmi àti Zakiyyah jẹun. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bi ara mi bí Ẹni-yẹn ṣe ń parọ́ tán, tí á sì jókòó jẹun níwájú mi. Mo jẹ tèmi tán lónìí. Mo tún bù sí i.