Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Màámi lára Ògiri Òkè-Ìlewó

Màámi tí mo fi ń yangàn,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà. Wọ́n ti gbé yín kọ́ sára ògiri ilé àfihàn àwòrán ní Òkè-Ìlewó! Tóyìn, ọmọ ọmọ mi, ló fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán yín sára aṣọ tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn.

Rájí àbúrò mi ò kọ́kọ́ gbà o. Fọ́tò Iléyá yẹn ló gbé wá, èyí tí ẹ ti wọ léèsì. Ó ní fọ́tò náà ni kí Tóyìn wò yà, kí ayé má lọ mọ̀ pé òkúta ni ìyá àwọn ń fọ́. Ṣé ó ti gbàgbé pé ẹ yá léèsì yẹn ni? Ẹ ò tiẹ̀ lè jókòó nínú ẹ̀, kó má baà fàya. Mo ní, "Rájí, gbé fọ́tò ẹ lọ sílé."

Èmi ni mo jókòó fún Tóyìn lẹ́yìnkùlé wa n'Íjẹmọ̀. Mo na ẹsẹ̀, mo mú hámà, mo fi rọ́bà táyà yí òkúta ká kí èérún má ta sí mi lójú, mo wá fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ìdí ń ro mí, mi ò dìde.

Nígbà tí mo rí àwòrán náà, inú bí mi. Ojú yín dúdú bí aró, gbogbo ara yín ní igun bí òkúta tí wọ́n là. Ọwọ́ yín tóbi ju orí lọ. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín tó odidi búrẹ́dì! Mo ní, "Tóyìn, ta lo yà yìí?"

"Màmá, ibi tí iṣẹ́ wà lára wọn ni mo yà tóbi."

Mo wo ọwọ́ tèmi. Mo tún wo tiyín lára aṣọ náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i fáráyé wò, Rájí gbé agbádá wọ̀ wá, ó lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí àlejò. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní irú iwin wo lèyí. Mo ti ń so ìró mi le kí n dá a lóhùn. Àfi bí Rájí ṣe sún mọ́ àwòrán náà, tó rí àtàǹpàkò yẹn. Ṣé ẹ rántí pé àtàǹpàkò yẹn ló máa ń dì mú kó tó sùn ní kékeré, tí ẹ bá ti ibi òkúta dé?

"Ẹ dákẹ́ jàre! Ìyá mi nìyẹn. Hámà yẹn ló rán mi níwèé!"

Ó ṣí fìlà. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, èmi ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ gbọ́ ọ lọ́run lọ́hùn-ún?

Ẹ sinmi, Màámi. Ẹ ò tún ní wọ léèsì àyálò mọ́.

Èmi ọmọ yín olórí kunkun, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le bíi tiyín.