Ilé Tí Mo Yàn fún Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo kí Bàbá, mo kí Bùọ̀dá Ràímì àti ìyàwó rẹ̀, mo sì kí Ìyá Àgbà tí mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń dùn. Àlàáfíà ni mo wà ní Ìdímù, àfi apá mi òsì tí wọ́n rán, òun ló jẹ́ kí lẹ́tà mi pẹ́. Mo fún ìwé ìròyìn ní ẹ̀dà rẹ̀ kí àwọn ìyá mìíràn lè bá yín kà á.

Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn iṣẹ́ tíṣà, mò ń bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹgbẹ́ náà ń rán ọmọ ilé-ìwé wa lọ sí òkè òkun fún ọdún kan, àwọn ará ibẹ̀ náà sì ń fi tiwọn ránṣẹ́ sí wa. Èmi ni mò ń wá ilé tí àwọn àlejò yóò gbé, tí mo sì ń lọ wò wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó epo ti gba ìgboro báyìí, gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé. Kọngílá kan tó ń kó yanrìn tà bẹ̀ wá pé ká fún òun ní ọmọ kan. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kọ́ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Mo wo fíríìjì, mo wo ilé ìwẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. N kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohunkóhun.

Òyìnbó funfun ni ọkùnrin náà ń retí. Dọ́rìnì ló bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún láti Jàmáíkà, tó dú bíi tèmi. Kọngílá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní èwo lèyí, àbí òyìnbó gidi ti tán ni? Mo fi ṣe ẹ̀rín.

Ọmọ náà àti ìyàwó ilé, Ìyá Wálé, mọwọ́ ara wọn kíákíá. Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, ojú obìnrin náà wú, ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Dọ́rìnì wò mí. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mu ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé fún mi tán, mo lọ sílé.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń mú lẹ́tà ìyá Dọ́rìnì lọ fún un. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ igbe. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé Kọngílá ti pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wo òyìnbó rẹ̀. Wọ́n rí Dọ́rìnì, wọ́n ní èyí kò yàtọ̀ sí ọmọ Ìkòtún, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Wálé bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹ̀rín yẹn ni Kọngílá ń gbà padà lára ìyàwó rẹ̀. Mo wọ àgbàlá, mo bá a tó di irun obìnrin náà mú, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, ó ń fi bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nà án lójú, lọ́yàn, níbi tó bá bà. Eyín ti jábọ́. Dọ́rìnì fi ara bò ó. Kọngílá na òun náà títí búláòsì fi ya, tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá a ya.

Àwọn aládùúgbò dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, wọ́n ń wò. Mo ké sí wọn. Ọ̀kan ní tọkọtaya ni wọ́n, kí n má dá sí i jàre. Mo so mọ́ bẹ́líìtì náà. Kọngílá fi ìgò bíà gbá mi, ìgò fọ́, ó fi èyí tó fọ́ ya apá mi títí mo fi rí egungun ara mi. Ó tún gbé e sókè sí ọrùn mi. Nígbà náà ni Dọ́rìnì fa ṣọ́bìrì yọ lórí òkìtì yanrìn, ó fi gbá a lórúnkún. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Ó ṣubú, ó ń ké.

Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo fi bàtà gbá a lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì nílẹ̀ níbẹ̀, èmi tíṣà. Dọ́rìnì ló fà mí kúrò. Dírẹ́bà típà rẹ̀, ará ìlú wa kan, ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó ní ká wọlé, pé òun yóò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ṣá. Òun ló gbé àwa obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ọsibítù.

Lọ́jọ́ kẹta, alága ẹgbẹ́ wá bá mi, ó mú ìwé kan lọ́wọ́ tó sọ pé Dọ́rìnì ṣubú lórí àtẹ̀gùn, kí n fọwọ́ sí i. Ó ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé òkè òkun, ètò ti bà jẹ́ nìyẹn, ọmọ wa kankan kò ní lọ mọ́. Ó dùn mí, torí mo mọ àwọn ọmọ náà lórúkọ. N kò fọwọ́ sí i. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ìyá Dọ́rìnì, títí dé ọjọ́ tí mo mu ẹlẹ́rìndòdò tí mo dákẹ́. Wọ́n yọ mí lẹ́gbẹ́. Àwọn tí a jọ ń ṣe é kì í kí mi mọ́. Ìyá náà fèsì, kò bú mi. Ó béèrè bóyá Ìyá Wálé yè, ó ní kí ọmọ òun parí ọdún rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá kan ṣoṣo ni, òjò sì ń jò wọlé, àmọ́ a ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Wálé ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù. Nígbà mìíràn ó máa ń sunkún pé òun fẹ́ padà. Kọngílá ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí i.

Màámi, Bùọ̀dá Ràímì kọ̀wé pé Bàbá tún nà yín nígbà ìkórè, pé etí yín kan kò gbọ́ràn mọ́. Kí Bùọ̀dá ka èyí sí yín níhà etí tó ṣì ń gbọ́. Ẹ máa ń sọ pé nítorí àwa ọmọ lẹ ṣe ń fara dà á. A ti dàgbà. Bàbá, bí ẹ bá gbọ́ èyí, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè. Màámi, mo ti fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Bùọ̀dá Ràímì. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, ẹ wọ ọkọ̀ Ìdímù, ẹ béèrè tíṣà tí wọ́n rán lápá. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n máa gbé yín wá.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí alẹ́ yín tù yín lára. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí ará àdúgbò. Dọ́rìnì ní kí n kí yín, òun ti tẹ́ ẹní dè yín.

Èmi ni Àṣàbí, ọmọ yín.